Ìlú tí òwú là fún: ìtàn Manchester àti ọrọ̀ tó ti inú ẹ̀rọ wá

Òwú kì í hù ní Manchester. Òtútù ibẹ̀ pọ̀, òjò ibẹ̀ kì í fẹ́ dá, oòrùn tí òwú fẹ́ràn kò sì tó nǹkan. Síbẹ̀, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ìlú ọlọ́jà kékeré tó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí di ibi tí ayé ti ń ra aṣọ òwú. Ní ọdún 1870, bí ènìyàn bá ra aṣọ funfun ní Èkó, ní Bahia tàbí ní Íńdíà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ agbègbè Lancashire, tí Manchester jẹ́ olórí ọjà fún, ló hun ún.

Àwọn tó ń pìtàn yìí fún ọmọ iléèwé sábà máa ń ka orúkọ ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ṣe ẹ̀rọ, ìtàn a sì parí síbẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ àwọn ọkùnrin náà kò kéré. Ṣùgbọ́n òfin ti dé ṣáájú ẹ̀rọ. Èédú ló gbé ẹ̀rọ ró, oko ẹrú ló ń bọ́ ọ, ọmọdé ló ń sìn ín, ọdún púpọ̀ sì kọjá kí èrè rẹ̀ tó dé ọwọ́ ẹni tó ń làágùn nídìí rẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí a ti ń wá ilé-iṣẹ́ ńláńlá láti ìgbà òmìnira mọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, torí pé ẹ̀rọ nìkan la sábà máa ń rà.

Òfin ló kọ́kọ́ dé

Ní nǹkan bí ọdún 1600 sí 1700, kò sí ẹni tó mọ aṣọ òwú hun tó àwọn ará Íńdíà. Aṣọ wọn fẹ́lẹ́, ó tutù lára, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣá bí a bá fọ̀ ọ́, owó rẹ̀ kò sì ga. Nígbà tí East India Company bẹ̀rẹ̀ sí í kó o dé Lọ́ńdọ̀nù, tolówó tòtòṣì ló sáré sí i. Aṣọ irun àgùntàn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń hun láti ayébáyé, àwọn ahunṣọ bá figbe ta pé Íńdíà fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Ní 1719, àwọn ahunṣọ Lọ́ńdọ̀nù tú sí ìgboro, wọ́n ń fa aṣọ Íńdíà ya mọ́ àwọn obìnrin lára.

Ilé Aṣòfin gbọ́ igbe wọn. Òfin 1700 ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ kó aṣọ aláràbarà Íńdíà wọlé wá tà fún ará ìlú. Òfin 1721 fi kún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ka òwú tí a kò tíì ran léèwọ̀, wọ́n sì yọ fustian sílẹ̀, ìyẹn aṣọ tí àwọn ará Lancashire ń fi òwú àti ọ̀gbọ̀ hun pọ̀. Bó ṣe di pé ẹni tó bá fẹ́ aṣọ òwú aláwọ̀ mèremère yóò rà á lọ́wọ́ àwọn ará Manchester nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ tiwọn kò lè dúró níwájú ti Íńdíà. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ ààbò òfin yìí. Ní 1774, nígbà tí wọ́n ti lè hun ojúlówó aṣọ òwú, àwọn fúnra wọn ló ní kí ìjọba tú òfin náà fún aṣọ tí wọ́n bá hun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba sì tú u.

Ẹ̀rọ kan ń pe èkejì

Kí ilé-iṣẹ́ tó wà, inú ilé ní abúlé ni wọ́n ti ń ṣe aṣọ. Ìyá àti ọmọ a gbọ̀n òwú, wọn a ran án, bàbá a jókòó sídìí òfì. Ní 1733, John Kay, ọmọ ìlú Bury, ṣe ọkọ̀ ìhunṣọ kan tó ń ré kọjá láti ẹ̀gbẹ́ òfì kan sí èkejì bí ahunṣọ bá ti fa okùn. Iṣẹ́ ahunṣọ yá, àmọ́ ó yá ju ọwọ́ àwọn tó ń ranwú lọ. Ahunṣọ a ti ilé dé ilé kó tó rí fọ́nrán òwú tí yóò fi ṣiṣẹ́ òòjọ́.

Ọ̀wọ́n òwú yìí ló mú kí wọ́n máa wá ọgbọ́n sí ìrànwú. Ní nǹkan bí 1764, James Hargreaves, ahunṣọ kan nítòsí Blackburn, kan ẹ̀rọ tí ọwọ́ ẹnì kan fi ń ran fọ́nrán mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará àdúgbò rò pé ó fẹ́ sọ àwọn di aláìníṣẹ́, ní 1768 wọ́n ya wọ ilé rẹ̀, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì sá lọ sí Nottingham. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Richard Arkwright, onígbàjámọ̀ ọmọ Preston, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìrànwú mìíràn. Ní 1771 ó kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Cromford, níbi tí omi odò ti ń yí ẹ̀rọ náà. Cromford ju ilé ẹ̀rọ lọ. Agogo ló ń pe òṣìṣẹ́ wọlé, agogo ló ń dá wọn sílẹ̀, bí àwọn ti ọ̀sán bá jáde, àwọn ti òru a wọlé. Ẹni tó ti ń bá oòrùn àti òjò ṣiṣẹ́ látayébáyé wá ń bá aago ṣiṣẹ́.

Ní 1779, Samuel Crompton ti ìlú Bolton pa ọgbọ́n Hargreaves àti ti Arkwright pọ̀, ẹ̀rọ tirẹ̀ sì ran òwú tó fẹ́lẹ́ bíi ti Íńdíà. Kí ọwọ́ tó ran ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ìwọ̀n irú òwú bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà, yóò gbà tó wákàtí 50,000. Ẹ̀rọ Crompton sọ ọ́ di nǹkan bí 2,000. Nígbà tó fi di 1795, ó ti di 300, ní 1825 ó ku 135. Kò sí bí ọ̀yà ẹni tó ń fi ọwọ́ ranwú ṣe lè kéré tó kó bá ìyẹn dọ́gba.

Ọ̀wọ́n wá yí padà: òwú pọ̀, ọwọ́ tí yóò hun ún kò tó. Edmund Cartwright, tó jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìhunṣọ ní 1785, ṣùgbọ́n ó lé ní ogún ọdún kí àwọn mìíràn tó tún un ṣe débi tó fi wúlò káàkiri. Láàárín ìgbà náà, àwọn ahunṣọ ọlọ́wọ́ rí owó jẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ dé tán, àwọn tó lé ní 200,000 nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rí ebi láàárín ìran kan ṣoṣo.

Èrè kò sì tẹ̀lé ọgbọ́n. Arkwright, tó mọ òwò ṣe, kú ní 1792 pẹ̀lú ọrọ̀ rẹpẹtẹ àti oyè Sir. Crompton kò gba ìwé àṣẹ kankan lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé Aṣòfin fún un ní £5,000 ní 1812, owó náà bá òwò tí kò yọrí lọ, ó sì kú nínú àìní ní 1827.

Èédú Worsley

Àwọn ará Íńdíà gbọ́n nínú iṣẹ́ òwú ju àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀? Robert Allen, òǹkọ̀wé ìtàn ọrọ̀ ajé, dáhùn pé kí a wo ọ̀yà àti iye owó iná. Ọ̀yà òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára èyí tó ga jù láyé nígbà náà, èédú ilẹ̀ wọn sì wà lára èyí tó pọ́ọ́kú jù. Ẹni tó bá ná owó lórí ẹ̀rọ tó ń jẹ èédú láti fi dín òṣìṣẹ́ kù yóò jèrè níbẹ̀. Ní Íńdíà, ọ̀yà kéré. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ púpọ̀ sí i, kó kàn gba ènìyàn púpọ̀ sí i, ẹ̀rọ olówó gọbọi yóò jẹ́ òfò fún un. Kì í ṣe gbogbo àwọn onímọ̀ ló gbà pẹ̀lú Allen, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn Manchester láìsọ ti èédú.

Ní 1761, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Duke of Bridgewater gbẹ́ odò láti ibi tí wọ́n ti ń wa èédú rẹ̀ ní Worsley wá sí Manchester. Ẹṣin kan tó ń fa ọkọ̀ lórí omi lè gbé ẹrù tí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù kò lè gbé lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. Iye owó èédú ní Manchester já sí nǹkan bí ìdajì. Nígbà tí James Watt àti Matthew Boulton ní Birmingham wá ṣe ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná fi ń yí kẹ̀kẹ́ ní àwọn ọdún 1780, ilé-iṣẹ́ òwú kò nílò etí odò mọ́. Wọ́n ṣí wá sáàárín ìlú, níbi tí èédú àti ènìyàn wà. Ní 1830, rélùwéè so Manchester mọ́ èbúté Liverpool.

Oko tó ń bọ́ ẹ̀rọ

Ní nǹkan bí 1770, òwú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó wọlé lọ́dún jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn ìwọ̀n. Ní 1860 ó ti lé ní bílíọ̀nù kan. Níbo ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá? Ní ìbẹ̀rẹ̀, láti ilẹ̀ Tọ́kì, láti erékùṣù Karíbíà àti Brazil. Lẹ́yìn náà ni Eli Whitney, ará Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tó ń ya òwú kúrò lára kóró rẹ̀ ní 1793. Oko òwú wá gba gbogbo gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ètò ìkànìyàn 1790, àwọn ẹrú Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 700,000. Ní 1860 wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin, ó sì lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òwú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ti ọwọ́ wọn wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí òwò ẹrú tirẹ̀ ní 1807, ó sì dá àwọn ẹrú Karíbíà sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1833, àmọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kò kọ òwú ẹrú rárá.

Ọ̀rọ̀ náà ti kan Áfíríkà ṣáájú. Láàárín ọdún 1700 sí 1800, aṣọ Manchester alámì onígun mẹ́rin, tí wọ́n fi ṣàwòkọ ti Íńdíà, wà lára ẹrù tí ọkọ̀ Liverpool ń kó lọ ra ènìyàn ní etíkun wa. Eric Williams, ọmọ Trinidad, kọ ọ́ ní 1944 pé owó òwò ẹrú wà lára ohun tó gbé ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dìde. Joseph Inikori, ọmọ Nàìjíríà, tún tẹ̀ síwájú nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2002: ó ní kì í ṣe èrè àwọn oníṣòwò nìkan ló yẹ ká wò, bí kò ṣe gbogbo òwò orí òkun Àtìláńtíìkì tí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ń gbé. Àwọn kan ta kò wọ́n pé èrè òwò ẹrú kéré jù láti dá irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àríyànjiyàn lórí owó lè máa lọ, ti òwú kò ní àríyànjiyàn nínú.

Ìlú èéfín

Ní 1801, Manchester kò ju nǹkan bí 75,000 ènìyàn lọ. Ní 1851 ó ti tó 300,000. Ilé tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ara wọn, àjà ilẹ̀ tí ìdílé ń gbé, ìdọ̀tí tó ń ṣàn lójú pópó, èéfín tó bo ọ̀run mọ́lẹ̀: ohun tí Friedrich Engels rí nìyẹn nígbà tí bàbá rẹ̀ rán an wá láti Jámánì ní 1842 kó wá kọ́ òwò òwú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1845. Ní 1842 kan náà, Edwin Chadwick gbé ìròyìn jáde fún ìjọba. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní Manchester, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí ẹni tó kú jẹ́ ọdún 17. Ní Rutland tó jẹ́ àrọko, àwọn òṣìṣẹ́ ń tó 38. Ikú ọmọ wẹ́wẹ́ ló fa 17 yẹn wálẹ̀.

Ọmọdé wà nínú ilé-iṣẹ́ pàápàá. Ara wọn kéré, wọ́n lè rá wọ abẹ́ ẹ̀rọ lọ so òwú tó já. Òfin 1833 ló sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì yan àwọn alábẹ̀wò tí yóò máa rí sí i. Ní 1847 ni òfin wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ fún obìnrin àti ọ̀dọ́ jáde. Kì í ṣe àánú àwọn olówó ló mú òfin wọ̀nyí wá. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1819, nǹkan bí 60,000 ènìyàn péjọ sí pápá St Peter ní Manchester, wọ́n ń béèrè ẹ̀tọ́ láti dìbò, nítorí pé ìlú ńlá yẹn kò ní aṣojú kan ní Ilé Aṣòfin. Àwọn adájọ́ ìlú rán ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin sí wọn. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì fara pa, ìpakúpa tí wọ́n ń pè ní Peterloo nìyẹn. Manchester kò ní aṣojú títí di 1832.

Ẹni tó bá rò pé ọrọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń dé wìrìwìrì, kó wo ìṣirò. Ní àwọn ọdún 1980, Nicholas Crafts àti Knick Harley tún ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò, wọ́n rí i pé ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dún títí di nǹkan bí 1830. Ìdá kan lọ́dún kéré débi pé ẹni tó wà níbẹ̀ kò lè fura sí i. Nǹkan bí àádọ́rin ọdún ni yóò gbà kó tó di ìlọ́po méjì. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé kò dúró. Kó tó dìgbà yẹn, bí irè bá dára, ọmọ a pọ̀, ẹnu tó pọ̀ a sì jẹ ohun tó lé tán. Lẹ́yìn 1830, ènìyàn ń pọ̀, ohun tó kan olúkúlùkù náà ń pọ̀. Ṣùgbọ́n fún bí ìran méjì kó tó dé ibẹ̀, ọ̀yà òṣìṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan nígbà tí èrè olówó ń ga. Àwọn tó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ kọ́ ló jẹ oyin rẹ̀.

Òwú Ẹ̀gbá

Ní àwọn ọdún 1850, Thomas Clegg, oníṣòwò òwú kan ní Manchester, bá Henry Venn, akọ̀wé àgbà ìjọ CMS, wọnú àdéhùn. Venn gbà pé bí àwọn ará Abẹ́òkúta bá rí owó nínú òwú, wọn yóò pa òwò ẹrú tì. Clegg ní tirẹ̀ ń wá òwú tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Wọ́n kó ẹ̀rọ ìyakóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ òwú mọ́ tí wọ́n sì ń dì í, Henry Robbin, tó jẹ́ ọmọ Ṣàró, àti Samuel Crowther kékeré sì wà lára àwọn tó ṣe alákòóso rẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend, òjíṣẹ́ CMS ní Abẹ́òkúta, dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859, ọ̀rọ̀ òwú wà lára ohun tó ń gbé jáde. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, Martin Delany àti Robert Campbell, aláwọ̀ dúdú méjì tó ti Amẹ́ríkà wá, tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá pé kí àwọn ènìyàn wọn wá tẹ̀dó kí wọ́n sì gbin òwú.

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà dí, àdéhùn náà kò sì ṣẹ. Campbell padà wá gbé ní Èkó, ó sì tẹ ìwé ìròyìn Anglo-African jáde níbẹ̀ ní 1863.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ọkọ̀ ogun dí èbúté gúúsù, òwú kò dé Liverpool mọ́. Lancashire dákẹ́. Nígbà tí 1862 fi máa parí, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló ń jẹ oúnjẹ ìrànwọ́. Àwọn olówó kan fẹ́ kí ìjọba gbè sẹ́yìn àwọn tó ní ẹrú kí òwú lè wá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, àwọn òṣìṣẹ́ Manchester ṣe ìpàdé, wọ́n kọ̀wé sí Abraham Lincoln pé àwọn wà lẹ́yìn ìdáǹdè àwọn ẹrú. Lincoln fèsì ní oṣù kìíní 1863. Ère rẹ̀ wà ní Manchester títí dòní.

Nígbà tí òwú Amẹ́ríkà padà dé, owó òwú já, Manchester kò fi bẹ́ẹ̀ rántí Abẹ́òkúta mọ́ títí di 1902, tí wọ́n dá British Cotton Growing Association sílẹ̀. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn ní 1901, ẹgbẹ́ náà sì kọ́ ilé ìyakóró òwú sójú ọ̀nà rẹ̀. Àgbẹ̀ Yorùbá ṣe ìṣirò tirẹ̀: àwọn ahunṣọ ilé ń san owó tó dára lórí òwú ju Manchester lọ, kòkó sì ń pa owó ju òwú lọ. Wọ́n gbin kòkó. Rélùwéè tún lọ sí Kano pẹ̀lú ìrètí òwú kan náà, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì gbin ẹ̀pà.

Ibi tí aṣọ Manchester ti rí ọlọ́wọ́ gidi ni ọwọ́ àwọn obìnrin. Aṣọ funfun ilé-iṣẹ́ fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ sì tẹ́jú ju ti òfì lọ, ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sì gbà lára rẹ̀ dáadáa. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ló rà á ní ìgàn, wọ́n fi ìyẹ́ àti páànù ya àràbarà sí i, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú, wọ́n sì tà á káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún 1920. Òyìnbó ló hun àdìrẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí. Ẹni tó sọ ọ́ di àdìrẹ, obìnrin Yorùbá ni.

Ẹ̀rọ kò gbélé

Ìlú tó ti dàgbà lábẹ́ òfin ààbò wá di olórí àwọn tó ń wàásù pé kí gbogbo ayé ṣí ibodè. Ní 1838, Richard Cobden àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Manchester láti gbógun ti owó ibodè lórí àlìkámà àti àwọn ọkà mìíràn láti òkèèrè, òfin náà sì wó ní 1846. Búrẹ́dì pọ́ọ́kú fún òṣìṣẹ́, èyí dára. Ṣùgbọ́n ìwàásù náà kò dúró sórí búrẹ́dì. Ní Íńdíà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, Lancashire fi agbára mú kí wọ́n pa owó ibodè aṣọ òwú rẹ́ ní 1882. Nígbà tí ìjọba Íńdíà nílò owó tí wọ́n sì dá a padà, wọ́n gbé e sí ìdá mẹ́ta àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ní 1896, wọ́n sì bu iye kan náà lé aṣọ tí ẹ̀rọ Íńdíà fúnra rẹ̀ hun, kí ọmọ onílé má bàa rí ànfààní kankan jẹ. Wọ́n fi òfin lé aṣọ Íńdíà jáde ní 1721. Ọdún 175 lẹ́yìn náà, wọn kò jẹ́ kí Íńdíà ṣe ìdajì rẹ̀.

Ìmọ̀ kò ṣeé há mọ́lé, wọ́n kàn gbìyànjú ni. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ ẹ̀rọ kúrò nílùú. Samuel Slater, tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ alábàáṣiṣẹ́ Arkwright kan, kó ìmọ̀ rẹ̀ sórí, ó wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1789, ó sì tún ẹ̀rọ Arkwright kàn sí Pawtucket. Wọ́n tú òfin àwọn oníṣẹ́ ká ní àwọn ọdún 1820, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ òwú máa jáde tọ òkèèrè ní 1843. Láti ìgbà yẹn, Platt Brothers ti Oldham ń ta ẹ̀rọ fún ẹni tó bá ní owó. Wọ́n tà á fún Bombay. Wọ́n tà á fún Shibusawa Eiichi ará Japan àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìrànwú Osaka sílẹ̀ ní 1882, tó sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru.

Ní 1913, Lancashire ta nǹkan bí bílíọ̀nù méje yáàdì aṣọ sí òkèèrè. Kò tún padà débẹ̀ mọ́. Íńdíà gba àṣẹ lórí owó ibodè ara rẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Ní 1931, Gandhi lọ sí Darwen lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tí kíkọ̀ tí Íńdíà kọ aṣọ wọn sọ di aláìníṣẹ́, wọ́n sì gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ní 1933, Japan kọjá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú títa aṣọ òwú sí òkèèrè. Ní 1958, aṣọ òwú tí Gẹ̀ẹ́sì ń kó wọlé ju èyí tó ń kó jáde lọ.

Láti Lancashire dé Kaduna

Ní 1957, kí Lancashire tó dákẹ́ pátápátá, ilé-iṣẹ́ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba àríwá Nàìjíríà ló gbé owó kalẹ̀, David Whitehead and Sons, ilé-iṣẹ́ Lancashire kan, ni wọ́n fi ṣe alábàáṣe tí yóò máa darí rẹ̀. Òwú wà nítòsí, òṣìṣẹ́ wà, ọjà wà. Ìkẹjà náà ní Nigerian Textile Mills tirẹ̀. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ aṣọ wà lára àwọn iṣẹ́ tó ń gba ènìyàn jù lẹ́yìn ìjọba.

Kaduna Textiles tìlẹ̀kùn ní 2002. United Nigerian Textiles, tó tóbi jù níbẹ̀, tì í ní 2007, kí wọ́n tó tún un ṣí ní 2010. Ẹ̀rọ kò fìgbà kan jẹ́ olórí ìṣòro wọn. Iná ìjọba kò dúró, epo tí wọ́n fi ń dáná ẹ̀rọ wọ́n gógó. Nàìjíríà ti ka aṣọ òkèèrè léèwọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, fàyàwọ́ sì ń kó o gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Òfin wà lórí ìwé, kò dé ibodè.

Ẹ jẹ́ ká wá fi Kaduna wé Manchester. Ẹ̀rọ ni ohun tí David Whitehead kó wá láti Lancashire. Ààbò òfin tó pẹ́ ju àádọ́ta ọdún lọ kò sí nínú àpótí tí wọ́n fi kó o wá. Èédú tó já sí ìdajì kí ẹ̀rọ tó gba ìlú kò sí níbẹ̀. Òfin tó gba ọmọdé kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀tọ́ ìdìbò tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rà, àti ìran méjì tó fara dà á kí ọ̀yà tó gòkè, ìyẹn náà kò ṣeé kó sínú ọkọ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ẹrú tàbí ti Peterloo kó tó là. Japan kò gba ibẹ̀, Kòríà kò gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba tó bá tún fẹ́ ṣí ilé-iṣẹ́ aṣọ lónìí, iná ni kó kọ́kọ́ tà fún un ní pọ́ọ́kú, ibodè ni kó tẹ̀ lé e, kó tó kàn án láti lọ ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ló rọrùn jù láti rà nínú gbogbo rẹ̀, láti 1843 ni Oldham ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún òkèèrè.